Ilé Tí Ó Mọ́lẹ̀: Ohun Tí A Ó Kó Jáde àti Ohun Tí A Ó Fi Ọwọ́ Ara Wa Ṣe

Àwọn àgbà a máa wí pé ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti yí ọ̀rọ̀ náà po: gbogbo ẹ̀ṣọ́ wa di ti òde, ti ilé ìsìn àti ti ibi ìnáwó, bí àlejò bá sì kan ilẹ̀kùn wa láìròtẹ́lẹ̀, ojú a tì wá, a ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ti nǹkan sábẹ́ ibùsùn. Ọ̀rọ̀ bí a ti í mú ilé dára ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Kí ó sì yé yín láti ìbẹ̀rẹ̀ pé n kò ní rán ẹnikẹ́ni lọ sí ọjà lọ ra ohun olówó iyebíye. Ohun tí ilé wa ń fẹ́ ti wà nínú ilé náà. Ohun tí ó ń bà á jẹ́ náà sì wà nínú rẹ̀.

Ìyá kan ń bẹ, àbúrò ìyá tí ó bí mi ni wọ́n, tí wọ́n ń gbé ní Bódìjà Àtijọ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìbàdàn dáradára mọ irú ilé tí mo ń wí. Ní ọdún 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí ìjọba ibẹ̀, dá àjọ tí ń kọ́ ilé gbígbé sílẹ̀. Bódìjà sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí àjọ náà ṣe. Ilé tí ìyá yìí ń gbé ní àyè níwájú fún òdòdó, ó ní fèrèsé ńláńlá tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sì gbòòrò. Ilé ìmọ́lẹ̀ ni ẹni tí ó kọ́ ọ fẹ́ kí ó jẹ́.

Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ ìyá yìí ti ń lọ sí òkè òkun ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni olúkúlùkù ń fi ẹrù sílẹ̀. Ẹni kìíní fi àpótí ìwé sílẹ̀, ẹni kejì fi jẹnẹrétọ̀ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ sílẹ̀, ẹni kẹta fi báàgì mẹ́rin tí a kò mọ ohun tí ó wà nínú wọn sílẹ̀. Ìyá kò sì jẹ́ kí a da ohunkóhun nù. “Ó lè wúlò lọ́la” ni wọ́n máa ń wí. Ọdún gorí ọdún, ẹrù gorí ẹrù, títí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ènìyàn mẹ́ta lè rìn ní ìdọ́gba tẹ́lẹ̀ fi di ọ̀nà tóóró tí ènìyàn kan ṣoṣo ń fẹ̀gbẹ́ kọjá.

Ní òru ọjọ́ kan tí iná mọ̀nàmọ́ná ti lọ, ìyá dìde láti mu omi. Ẹsẹ̀ wọn kọ́ okùn ọ̀kan nínú àwọn báàgì náà, wọ́n ṣubú, eegun itan wọn sì fọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò fi ṣeé ṣe fún wọn láti dá rìn. Nígbà tí a wá ṣí báàgì náà wò, aṣọ òtútù ọmọdé ni ó kún inú rẹ̀. Ọmọ tí ó sì ni aṣọ náà ti di baba ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí.

Nígbà tí ìyá wà ní ilé ìwòsàn, àwa ẹbí péjọ láti tún ilé náà ṣe. Àṣìṣe ni a kọ́kọ́ ṣe, nítorí pé a bẹ̀rẹ̀ sí kó nǹkan jáde láìbi wọ́n. Nígbà tí wọ́n gbọ́, wọ́n ránṣẹ́ pè mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹ rọra o, kí ẹ má baà kó èmi náà dànù.” Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lákínyẹmí ara. A dáwọ́ dúró títí wọ́n fi padà délé. A gbé àga fún wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, à ń gbé nǹkan sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ni wọ́n sì ń dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ èyí o: bí ẹ bá fẹ́ tún ilé àgbà ṣe, àgbà náà ni kí ẹ fi ṣe ọ̀gá iṣẹ́.

Òkìtì mẹ́ta ni a pín ẹrù náà sí, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì ń rọ olúkúlùkù láti ṣe. Òkìtì kìíní ni ohun tí a ti lò láti ọdún tí ó kọjá títí di òní. Èyí yóò dúró. Òkìtì kejì ni ohun tí ó ṣì dára ṣùgbọ́n tí àwa kò lò mọ́; ẹlòmíràn ń wá a, ẹ jẹ́ kí a fi ta á lọ́rẹ. Òkìtì kẹta ni èyí tí ó gbó tàbí tí ó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tó gbé ìkẹta yìí fún àwọn tí ń kiri ra irin àti ìgò, kí a tún un yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé inú rẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ṣọ́ tí mo fẹ́ sọ ti jáde.

Kí n tó dé orí ẹ̀ṣọ́, ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí n kò lè fò. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù January ọdún 2024, ìbúgbàù ńlá kan ṣẹlẹ̀ ní Bódìjà Àtijọ́ yìí kan náà. Ẹ̀mí ṣòfò, ọ̀pọ̀ ènìyàn fara pa, ilé púpọ̀ sì wó. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn tí ń wa kùsà láìgba àṣẹ ni wọ́n kó ohun abúgbàù pamọ́ sínú ilé kan níbẹ̀. Ẹ ó wí pé àwa kì í ṣe awakùsà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróò mélòó ni ó wà lábẹ́ tábìlì ilé ìdáná wa, nítosí sítóòfù, nítorí jẹnẹrétọ̀? A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Òórùn epo náà a máa fò lọ bá iná láìjẹ́ pé epo dà sílẹ̀. Ìta gbangba, níbi tí òòjì wà, tí ọwọ́ ọmọdé kò sì lè tó, ni àyè rẹ̀.

Ó wá kù ká mú ilé náà dára. Ìmọ́lẹ̀ ni olórí ẹ̀ṣọ́, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Ẹ sún àpótí àti kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lójú fèrèsé. Ẹ yọ gíláàsì fèrèsé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi omi ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi bébà ìròyìn tí ẹ ti kà tán nù ún gbẹ. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ìhà Challenge àti Ring Road, níbi tí eruku ọkọ̀ kì í sinmi, ẹnu yóò yà yín láti rí i bí yàrá ti ṣókùnkùn tó nítorí eruku nìkan. Bí ọ̀dà funfun díẹ̀ bá ṣẹ́kù nínú agolo, ògiri tí ó kọjú sí fèrèsé ni kí ẹ fi kùn, nítorí ògiri náà ni yóò máa dá ìmọ́lẹ̀ padà fún gbogbo yàrá, ìbáà ṣe ti oòrùn ní ọ̀sán tàbí ti àtùpà kékeré ní alẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni aṣọ fèrèsé. Nínú òkìtì kẹta ìyá ni a ti rí ìró àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tí etí rẹ̀ ti ya. Irú èyí tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn ni, tí a ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí lára. Gbọ̀ngàn náà, ọdún 1929 ni wọ́n ṣí i. Àwọn obìnrin aláàdìrẹ sì fi ìyẹ́ àti ẹ̀kọ láfún gbé àwòrán rẹ̀ sórí aṣọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ bọ inú aró, ibi tí ẹ̀kọ bò sì yọ ní funfun. Ta ni yóò ju irú aṣọ bẹ́ẹ̀ sí ààtàn? Ẹ wọn ìbú fèrèsé, kí ìbú aṣọ jẹ́ ìlọ́po méjì rẹ̀ kí ó lè ṣẹ́po dáradára. Ẹ ṣẹ́ etí òkè ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta, kí ẹ fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an, kí ẹ sì ti okùn tàbí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú ibi tí ẹ ṣẹ́ náà. Nítorí pé oòrùn a máa pa àwọ̀ aró, ẹ rán aṣọ ibùsùn funfun tí ó ti gbó mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá sì ń fọ̀ ọ́, òun nìkan ni kí ẹ fọ̀, kí aró má baà ran aṣọ mìíràn.

Ẹ̀kẹta ni pẹpẹ. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ni ó ń gbé ènìyàn ṣubú. Ẹ gbé e kúrò nílẹ̀. A kò pe káfíńtà. Bíríkì mẹ́fà àti pákó mẹ́ta ni a lò: bíríkì méjì àti pákó kan, bíríkì méjì àti pákó kejì, títí dé ẹ̀kẹta, gbogbo rẹ̀ sì fara ti ògiri. Ẹni tí kò bá ní pákó nílé lè lọ wá àgékù lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta pákó ní ọjà Bódìjà. Ẹ ha ojú rẹ̀ kí ó dán, kí igi má baà gún ọmọ lọ́wọ́. Ohun wíwúwo ni kí ó wà nísàlẹ̀, ohun fífúyẹ́ ni kí ó wà lókè; èyí tí àgbà ń lò lójoojúmọ́, kí ó wà ní ìwọ̀n ìbàdí, kí wọn má baà máa bẹ̀rẹ̀ tàbí kí wọn máa nàgà.

Ẹ jẹ́ kí a wọ ilé ìdáná. Ìgò ọlọ́mọrí àti ike omi tí a ti mu tán kì í ṣe ìdọ̀tí bí a bá mọ̀ wọ́n lò. Ẹ fọ̀ wọ́n, kí ẹ sá wọn títí wọn yóò fi gbẹ pátápátá, kí ẹ sì rọ ẹ̀wà gbígbẹ sínú wọn títí dé ẹnu, kí ẹ dé wọn pinpin. Kòkòrò ẹ̀wà ń mí bí àwa náà ti ń mí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ inú ìgò bá tán, yóò kú, ẹ̀wà kò sì ní jù. Báyìí ni a ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ìwà búburú tí àwọn kan ń hù, tí wọ́n ń da oògùn apakòkòrò dichlorvos sórí oúnjẹ. Nítorí jàǹbá oògùn yìí ni àjọ NAFDAC fi de títa ìgò rẹ̀ kéékèèké ní ọdún 2019. Ẹ tò wọ́n sórí pẹpẹ, ẹ̀wà funfun, ẹ̀wà pupa, àgbàdo, ẹ̀gúsí; àwọ̀ wọn nìkan tó ẹ̀ṣọ́ fún ilé ìdáná.

Agolo wàrà àti agolo ọ̀dà pẹ̀lú ní iṣẹ́ tiwọn. Ẹ gbin efinrin, ewé tea tàbí òdòdó sínú wọn, kí ẹ tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ìṣó lu ihò mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìdí agolo kọ̀ọ̀kan. Omi tí ó bá dúró sójú kan fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá tó fún ẹyin ẹ̀fọn láti di ẹ̀fọn tí ń fò. Nítorí èyí, ẹ má ṣe gbé táyà kalẹ̀ fún òdòdó láìlu ìdí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ibà ni ó ń gbìn.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Ìwọ ń sọ̀rọ̀ ilé ńlá, yàrá kan ṣoṣo ni mo háyà ní Àgbówó, onílé kò sì gbà kí n kan ìṣó mọ́ ògiri.” Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Pẹpẹ oníbíríkì kò fẹ́ ìṣó. Fi bíríkì gbé ibùsùn rẹ ga, kí àpótí lè wọ abẹ́ rẹ̀ ní ìtò. Kí ẹ̀yin ayálégbé sì fi ẹnu kò lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ jọ ń lò, kí sítóòfù, bọ́kẹ́ẹ̀tì àti kẹ́ẹ̀gì kúrò níbẹ̀. Bí iná bá ṣẹ́ yọ ní òru, ọ̀nà yẹn nìkan ni gbogbo yín ní.

Ìyá mi ti ń rìn báyìí, pẹ̀lú ọ̀pá. Mo sùn ọ́dọ̀ wọn láìpẹ́ yìí, iná sì tún lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Mo gbọ́ tí wọ́n dìde, mo sáré jáde pẹ̀lú àtùpà, ṣùgbọ́n wọ́n ti dé ìdí omi. Ìmọ́lẹ̀ òṣùpá ń gba ojú fèrèsé wọlé, ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́ fẹẹ. Wọ́n ní, “Lọ sùn, ọmọ mi. Mo mọ ọ̀nà ilé mi.”

Ọwọ́ ẹni ni a fi í tún ìwà ara ẹni ṣe. Ẹ má ṣe dúró de ọjọ́ tí owó yóò pọ̀, ẹ má sì dáwọ́ lé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà kọjá. Kí ilé ó san gbogbo wa o.