Àgbàlá tí Òjò àti Ọyẹ́ Kò Ní Bà Jẹ́

Ẹni tó bá kọ́lé sí Ìta-Ògbólú, lọ́nà tó ti Àkúrẹ́ lọ sí Adó-Èkìtì, ọ̀tá méjì ló ń bá àgbàlá rẹ̀ jà. Láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, òjò ni. Bí oṣù kọkànlá bá wọlé, ọyẹ́ dé, ilẹ̀ pupa á le gbagidi, koríko á sì gbẹ.

Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú kí ẹ tó ronú òdòdó. Òjò mìlímítà kan lórí ilẹ̀ tí ìbú àti òró rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan, lítà omi kan ni. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí òrùlé oníbùú mítà 10, olóròó mítà 20, omi tó máa dà sílẹ̀ á tó 10,000 lítà! Bí gbogbo rẹ̀ bá ń já sí ìdí ògiri, yóò wú ilẹ̀ títí ìpìlẹ̀ ilé á fi yọ síta. Ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ ọ̀sọ̀ọ̀rọ̀, kí ẹ sì la ojú àgbàrá fún omi. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dagẹ̀rẹ̀, ẹ gbin koríko vetiver ní ìlà-ìlà, kó dábùú ọ̀nà omi. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń wọlẹ̀ ju mítà méjì lọ, ó sì ń di ilẹ̀ mú.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń da kọnkéré bo gbogbo àgbàlá. N kò fara mọ́ ọn. Kọnkéré kì í fa omi mu, ṣe ló ń lé e lọ bá aládùúgbò, ooru ọ̀sán kì í sì í tètè kúrò lára rẹ̀. Ojú ọ̀nà mọ́tò nìkan ni kó mọ.

Ní ti ọgbà tó yí àgbàlá ká, pèrègún àti akòko tó. Ẹ gé ọ̀pá wọn, ẹ rì í mọ́lẹ̀ nígbà àkọ́rọ̀ òjò, á ta gbòǹgbò. Lápálápá náà ṣeé fi ṣọgbà, torí ewúrẹ́ kì í fẹnu kàn án, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ ní májèlé, nítorí náà ẹ má gbìn ín síbi tí ọmọdé ti ń ṣeré.

Koríko Bahama ló yẹ ojú oòrùn, torí pé bí ewé rẹ̀ bá tilẹ̀ gbẹ lọ́yẹ́, ìtàkùn abẹ́lẹ̀ rẹ̀ á tún hù. Carpet grass ló yẹ abẹ́ igi. Bí ẹ bá gbálẹ̀, ẹ kó ewé gbígbẹ sí ìdí igi, kí ọ̀rinrin má baà tètè fò lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró di oṣù kẹsàn-án kí ẹ tó gbìn: ohun tí ẹ bá gbìn ní oṣù karùn-ún ló máa ní gbòǹgbò tó jinlẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé.