Aáwọ̀ Láàrin Òṣìṣẹ́ àti Alábòójútó ní Àwọn Ilé Iṣẹ́ Ọ̀tà: Ibi Tí Òfin Dúró Sí

Láti Ṣàngó lọ sí òpópónà Ìdí-Ìrókò, títí dé Àgbárá, ilé iṣẹ́ ni ó tò lọ rẹrẹ ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà. Àwọn kan ń yọ́ irin, àwọn mìíràn ń ṣe ọṣẹ, ike, oúnjẹ, ohun mímu tàbí oògùn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń dúró ti ẹ̀rọ níbẹ̀ kò fojú kan ẹni tí ó ni ilé iṣẹ́ rí. Ẹni tí wọ́n mọ̀ ní ọ̀gá ni alábòójútó tí ó dúró lẹ́yìn wọn, ẹni tí òun náà ní ọ̀gá lókè tí ń bi í léèrè iye ẹrù tí ó jáde. Láàrin àwọn méjèèjì yìí ni aáwọ̀ ti sábà máa ń bẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú ohun tí ń di ariwo ní ẹnu géètì jẹ́ ohun tí òfin ti dáhùn láti ọjọ́ pípẹ́.

Ó yẹ kí ará ìlú kọ́kọ́ mọ̀ pé Ìjọba Àpapọ̀ nìkan ni ìwé òfin ilẹ̀ wa fún ní agbára láti ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Àìmọ èyí ti dá èdè-àìyedè sílẹ̀ lórí owó oṣù. 77,000 náírà tí Ìpínlẹ̀ Ògùn fọwọ́ sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 jẹ́ ti òṣìṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀. Èyí tí ó kan ilé iṣẹ́ aládàáni ni 70,000 náírà tí òfin àpapọ̀ ọdún kan náà là sílẹ̀, kò sì de agbanisíṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25, tàbí ẹni tí a ń sanwó fún ní iye ẹyọ ohun tí ó bá ṣe. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tí ó ní igba òṣìṣẹ́, tí ó ń san owó tí kò tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ń ṣiṣẹ́ oṣù kíkún, kò ní àwíjàre kankan.

Lẹ́yìn owó ni ìsinmi. Òfin Iṣẹ́ ti ọdún 1974 sọ pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan, kí ó sì ní ọjọ́ kan gbáko láti sinmi nínú ọjọ́ méje. Alábòójútó tí ó bá ní kí òṣìṣẹ́ máa jẹun lórí ìdúró nítorí pé ẹrù kò tíì pé ti rú òfin, ì báà jẹ́ pé ọ̀gá rẹ̀ ni ó rán an.

Owó gígé ni a rò pé ó ń bí òṣìṣẹ́ nínú jù. Òfin náà kò fàyè gba kí agbanisíṣẹ́ gé owó òṣìṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìtanràn. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ohun ilé iṣẹ́ jẹ́, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ bà á jẹ́, a lè gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n aṣojú ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Kì í ṣe ohun tí alábòójútó kan lè fi bírò kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ènìyàn ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ìbéèrè tí ó le jù lọ ni èyí: ta gan-an ni ọ̀gá mi? Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ojúmọ́, àwọn tí a ń pè ní káṣúà, ni kọngílá mú wá. Bí owó bá dín, alábòójútó á ní kí wọ́n lọ bá kọngílá. Kọngílá á ní ilé iṣẹ́ ni kò tíì sanwó. Òṣìṣẹ́ á máa lọ, á máa bọ̀, títí sùúrù yóò fi tán. Òfin kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń gba òṣìṣẹ́ jọ fún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ìjọba Àpapọ̀. Lẹ́yìn èyí, kí oṣù mẹ́ta tó kọjá tí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí ó sọ orúkọ agbanisíṣẹ́ náà, irú iṣẹ́ tí ó jẹ́, iye owó àti ìgbà tí a óò máa san án. Ìwé yìí ni ó dáhùn ìbéèrè náà. Àwọn kan máa ń dá òṣìṣẹ́ dúró bí oṣù mẹ́ta bá ku díẹ̀ kó pé, kí wọ́n tún gbà á padà bí ẹni tuntun. Ọgbọ́n yìí kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, a kò sì rí ilé iṣẹ́ tí ó lè retí ìfọkànsìn lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí.

Bákan náà ni ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ ní ìwọ̀n. Ẹni tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, ìkìlọ̀ ọjọ́ kan; ẹni tí ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣùgbọ́n tí kò tó ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan; láti ọdún méjì sí ohun tí kò tó márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì; ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Òṣìṣẹ́ tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ náà gbọ́dọ̀ fún agbanisíṣẹ́ ní ìwọ̀n kan náà.

Ibì kan wà tí aáwọ̀ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu. Òfin ọdún 2010 lórí owó ìtanràn-án fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa mú un ní dandan fún agbanisíṣẹ́ láti máa dá ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ sọ́dọ̀ àjọ NSITF. Òṣìṣẹ́ tí ẹ̀rọ bá ṣe léṣe ní ọjọ́ 14 láti sọ fún agbanisíṣẹ́ rẹ̀, agbanisíṣẹ́ sì ní ọjọ́ méje láti fi tó àjọ náà létí. Alábòójútó tí ó bá fún ènìyàn ní owó oògùn, tí ó ní kí ó máa lọ sílé kí ọ̀rọ̀ náà má baà dé òkè, lè jẹ́ kí ẹ̀tọ́ ẹni tí ìka rẹ̀ gé sọnù. Òfin Ilé Iṣẹ́ Ẹ̀rọ ti ọdún 1987 sì kà á léèwọ̀ láti ti ilẹ̀kùn lọ́nà tí àwọn tí ó wà nínú ilé iṣẹ́ kò fi ní lè tètè ṣí i. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2002, iná jó ilé iṣẹ́ kan ní Ìkòròdú, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì kú nítorí pé a ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ẹ̀rù olè ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àwáwí fún irú àtìmọ́ bẹ́ẹ̀.

Bí òṣìṣẹ́ lápapọ̀ bá ní ẹ̀sùn ńkọ́? Ní Ìkẹjà tí kò jìnnà sí wa, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1971, òṣìṣẹ́ dáwọ́ iṣẹ́ dúró ní ilé iṣẹ́ kan tẹ̀lé òmíràn, nígbà tí àwọn agbanisíṣẹ́ aládàáni kọ̀ láti san àfikún owó tí ìgbìmọ̀ Olóyè Simeon Adebo, ọmọ Abẹ́òkúta, dábàá. Lẹ́yìn ìgbà náà ni òfin ọdún 1976 lórí aáwọ̀ iṣẹ́ la ọ̀nà tí a ń tọ̀ títí di òní. Àwọn méjèèjì yóò kọ́kọ́ gbìyànjú láti parí rẹ̀ láàrin ara wọn. Bí kò bá ṣeé ṣe, wọ́n ní ọjọ́ méje láti jókòó níwájú onílàjà kan tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí. Bí ọjọ́ méje mìíràn bá kọjá láìsí àdéhùn, wọn yóò kọ ẹjọ́ náà ránṣẹ́ sí Mínísítà fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ láàrin ọjọ́ mẹ́ta. Láti ibẹ̀ ni ó ti lè dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ tí ń ṣe ìdájọ́ aáwọ̀ iṣẹ́, kí ó sì dé ilé ẹjọ́ àpapọ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ìyanṣẹ́lódì tàbí títi géètì mọ́ òṣìṣẹ́ kò bófin mu níwọ̀n ìgbà tí a kò bá tíì tọ àwọn ìpele yìí.

Òfin kò gba agbanisíṣẹ́ láàyè láti lé ènìyàn nítorí pé ó wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ lè gbé ẹ̀sùn tirẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Ilé Iṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́ ní Abẹ́òkúta. Kí ó mú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ dání, pẹ̀lú ẹ̀rí owó tí wọ́n san fún un. Bí wọn kò bá fún un ní ìwé kankan, kí ó kọ ọjọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, orúkọ kọngílá àti orúkọ alábòójútó rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó kúrò nílé.