Ìtọ́jú ìjàpá ńlá nínú ọgbà

Ìtọ́jú ìjàpá ńlá nínú ọgbà jẹ́ sísin ìjàpá tí ó ti tóbi ju ohun tí inú ilé lè gbà lọ. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ìjàpá Sáhẹ́lì, tí orúkọ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ń jẹ́ Centrochelys sulcata. Ní gbogbo àgbáyé, àwọn ìjàpá erékùṣù Galápagos àti Aldabra nìkan ni ó tóbi jù ú lọ. Akọ tí ó dàgbà lè wọn ju kìlógíráàmù 80 lọ. Ilẹ̀ gbígbẹ ni ó ti ṣẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rinrin ni ìṣòro tí ó ṣe kókó jù lọ fún ẹni tí ó bá ń sìn ín ní ilẹ̀ òjò bí Ìjẹ̀bú.

Alàgbà ti Ògbómọ̀ṣọ́

Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá ni Alàgbà, tí ó gbé ní ààfin Ṣọ̀ún ti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, lẹ́yìn àìsàn ọjọ́ díẹ̀. Ààfin sọ pé ẹni ọdún 344 ni, àti pé Ṣọ̀ún Isan Okumoyede, tí ó jọba láti 1770 sí 1797, ni ó mú un wá síbẹ̀. Àwọn onímọ̀ nípa ẹranko kò gba iye ọdún yìí gbọ́: nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n gbà pé irú ìjàpá yìí lè lò láyé. Jonathan ti erékùṣù Saint Helena pàápàá, tí a kà sí ẹranko orí ilẹ̀ tí ó dàgbà jù lọ láyé, nǹkan bí ọdún 1832 ni a fojú bù pé a bí i. Ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú ni pé ẹ̀mí ìjàpá lè gùn ju ti olówó rẹ̀ lọ. Ní ààfin, ènìyàn méjì ni a yàn láti máa tọ́jú Alàgbà. Bí ọba kan bá wàjà, ìjàpá ṣì ní ilé. Nínú ilé aládàáni, ó yẹ kí a ti mọ ẹni tí yóò gbà á tọ́jú kí a tó mú un wálé.

Ọgbà rẹ̀

Ìjàpá yìí a máa gbẹ́ ihò jíjìn láti fi sá fún ooru. Ògiri búlọ́ọ̀kù dára ju wáyà lọ, nítorí bí ó bá ń rí ìta, yóò máa ti wáyà náà ṣáá ni. Ìpìlẹ̀ ògiri gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ dáadáa. Ní ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ kò jìn, ihò tí ó gbẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn lè kún ní ìgbà òjò, ìjàpá ilẹ̀ kò sì mọ omi í wẹ̀: ó lè kú sínú rẹ̀. Kí a dí irú ihò bẹ́ẹ̀, kí a sì kọ́ ahéré tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ sí ibi gíga, níbi tí yóò máa sùn ní alẹ́ òjò àti alẹ́ ọyẹ́. Kí àwo omi rẹ̀ jẹ́ pẹrẹsẹ.

Oúnjẹ àti ìlera

Koríko tútù àti koríko gbígbẹ ni oúnjẹ rẹ̀. A lè fi ewé ọ̀dúnkún díẹ̀ kún un. Kò yẹ kí a fún un ní ẹ̀bà, ìrẹsì, búrẹ́dì tàbí ẹran (ìjàpá inú àlọ́ ni ó ń jẹ àsáró). Ìròyìn pé ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni Alàgbà ń jẹun kì í ṣe ìlànà. Ojoojúmọ́ ni kí koríko wà.

Eegun alààyè wà lábẹ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí náà a kò gbọ́dọ̀ lu ú ní ihò láti fi okùn so ó. Bí imú rẹ̀ bá ń ṣomi tàbí tí ó ń la ẹnu mí, òtútù lè ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí a sì pe dókítà ẹranko. Ìjàpá kì í tètè fi àìsàn hàn. Wíwọ̀n ọ́n lóṣooṣù ni ó ń jẹ́ kí a tètè mọ̀. Kí ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án fi ọṣẹ fọ ọwọ́, nítorí kòkòrò Salmonella.

Ìjàpá Sáhẹ́lì wà nínú ewu àkúrun. Lábẹ́ àdéhùn àgbáyé CITES, a kò gba títa èyí tí a mú nínú igbó sí ilẹ̀ òkèèrè láyè. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á ní láti kọ́kọ́ béèrè bóyá inú ọgbà ni a ti pa á.