Ìrora Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ ní Ilẹ̀ Ọlọ́rọ̀ àti ní Ilẹ̀ Tálákà

Ohun tí ó bá ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún ni kì í sọ ti ìrora wọn jáde, nítorí wọ́n gbà pé dandan ni kí ẹni tí a fi abẹ là jẹ̀rora. Èrò yìí kò tọ̀nà.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1846, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, William Morton fi oògùn tí a ń pè ní ether kun aláìsàn kan lóorun kí oníṣẹ́ abẹ tó fi ọ̀bẹ kàn án. Láti ìgbà náà ni ìrora abẹ ti ní ẹ̀rọ̀; ṣùgbọ́n bí oorun bá dá, ìrora a tún dé. Èyí kì í sì í ṣe ọ̀ràn ìfaradà lásán. Ẹni tí a la ikùn rẹ̀, bí ó bá ń bẹ̀rù àtiwúkọ́ àti àtimí kanlẹ̀, òtútù àyà lè mú un. Bí kò bá lè dìde rìn, ẹ̀jẹ̀ lè dì sí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ ọlọ́rọ̀, oríṣiríṣi oògùn ni a ń lò pọ̀: parasitamọ́ọ̀lù, abẹ́rẹ́ tí í mú ojú ibi tí a là kú fún ìgbà díẹ̀, àti mọ́fíìnì. Ẹ̀rọ tilẹ̀ wà tí aláìsàn fúnra rẹ̀ lè tẹ̀ kí mọ́fíìnì díẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, láìkọjá ìwọ̀n tí dókítà pa láṣẹ.

Ilẹ̀ tálákà ńkọ́? Ìgbìmọ̀ kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ sọ ní 2017 pé, nínú nǹkan bí tọ́ọ̀nù 298.5 mọ́fíìnì àti irú rẹ̀ tí a ń pín kárí ayé lọ́dọọdún, ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá tọ́ọ̀nù kan péré ni ó ń dé àwọn ilẹ̀ tí ó tòṣì jùlọ. Kì í ṣe àìlówó nìkan ni ó fà á. Òfin líle wà níbẹ̀, àti ìbẹ̀rù pé oògùn náà yóò di bárakú.

Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe asán. Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí 1996, a kọ irú oògùn yìí fún ènìyàn ní àkọjù; ọ̀pọ̀ di ẹrú rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì kú. Ṣùgbọ́n àdéhùn àgbáyé ti 1961, tí ó fi òfin de oògùn wọ̀nyí, fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé wọn kò ṣe é má nìí fún ìtura ìrora. Ní Uganda, láti 2004, òfin fún àwọn nọ́ọ̀sì tí a kọ́ ní àkànṣe láṣẹ láti kọ mọ́fíìnì mímu fún àwọn alárùn bíi jẹjẹrẹ. Ó hàn gbangba pé a lè ṣọ́ ilẹ̀kùn láìtì í pa.

Ohun kan wà tí kò ní owó nínú: kí nọ́ọ̀sì máa bi aláìsàn léèrè bí ìrora rẹ̀ ti tó, láti òdo dé 10, kí ó sì fún un ní oògùn ní àkókò, kí igbe tó sọ. Ẹni tí a kò bi léèrè, ta ni yóò sọ ohun tí ń dùn ún fún?