Ọgọ́rùn-ún Ìṣirò Láti Inú Ẹyọ Kan

Ní GRA ìlú Ìbíní, òbí tí ó rí jájẹ a máa gba olùkọ́ lẹ́sìnì wá sílé fún ọmọ rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Agbára ọ̀pọ̀ òbí tí ọmọ wọn wà ní ilé-ìwé ìjọba kò ká èyí. Ìdí nìyí tí ìròyìn ọdún 2024 fi dùn mọ́ni. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje ọdún náà, Báńkì Àgbáyé ṣètò pé kí àwọn ọmọ SS1 ní ilé-ẹ̀kọ́ 9 ní Ìbíní máa fi kọ̀ǹpútà tí ń fèsì ọ̀rọ̀ kọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀sẹ̀ 6, lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá ti parí, lábẹ́ ojú olùkọ́ wọn. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn tí kò sí níbẹ̀ lọ.

Ní ti ìṣirò, ọ̀nà mìíràn wà tí ó ti pẹ́ ju èyí lọ. Irinṣẹ́ kan tí a ń pè ní CTAT, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, ń jẹ́ kí olùkọ́ ṣe ìṣirò ẹyọ kan péré, kí ó fi àyè sílẹ̀ níbi tí nọ́ńbà wà. Excel, tábìlì alápòótí tí àwọn akọ̀wé owó mọ̀ dunjú, ni yóò fi nọ́ńbà kún àwọn àyè náà, tí ẹyọ kan yóò fi di ọgọ́rùn-ún. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé olùkọ́ lè fi ojú ara rẹ̀ wo gbogbo rẹ̀ kí ọmọ kankan tó rí i.

Ó sì yẹ kí ó wò ó. Bí a bá ní kí kọ̀ǹpútà ṣáà máa ṣa nọ́ńbà, ó lè ní kí ọmọ ọdún 8 pín ọsàn 17 fún ènìyàn 5. Ìdáhùn rẹ̀ ni 3.4! Olùkọ́ tí ó gbọ́n a máa ti ẹ̀yìn bọ̀: yóò kọ́kọ́ yan ìdáhùn, kí a sọ pé 4, yóò yan ènìyàn 5, Excel yóò sì sọ ọsàn di 20.

Iṣẹ́ tí ó ṣòro jù ni ti àpótí àṣìṣe. Bí a bá ní kí ọmọ yọ 27 kúrò nínú 52, ọ̀pọ̀ yóò kọ 35 dípò 25, nítorí pé 2 kò tó 7, wọ́n a sì yí i po, wọ́n a yọ 2 kúrò lára 7. Bí olùkọ́ bá ti kọ 35 yìí sínú tábìlì tẹ́lẹ̀, kọ̀ǹpútà kò ní wulẹ̀ sọ pé ọmọ kùnà. Yóò rán an létí pé kí ó yá 10 lọ́dọ̀ 50. Ẹni tí ó ti máàkì ìwé ọmọ fún ọdún pípẹ́ ní í mọ irú àṣìṣe báyìí, irú wọn sì pọ̀ ní àwọn ilé-ìwé ìjọba wa.