Aṣòfin Ni, Ìbáà Ṣe Ọkùnrin, Ìbáà Ṣe Obìnrin

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2021, Emanuel Cleaver, tí í ṣe pásítọ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti aṣòfin láti ìpínlẹ̀ Missouri, gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ní Ilé Aṣojú-ṣòfin Amẹ́ríkà. Bí ó ti ṣe Àmín tán, ó fi 'a-woman' kún un, bí ẹni pé ọkùnrin ni ìparí Àmín ń dárúkọ. Ó ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé àwàdà ni, láti fi yẹ́ àwọn obìnrin ilé náà sí. Ẹ̀yin ará mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Hébérù ni Àmín, 'kí ó rí bẹ́ẹ̀' ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò kan ọkùnrin, kò kan obìnrin.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó bí àwàdà náà kì í ṣe àwàdà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti dé ọkùnrin mọ́ ọ̀pọ̀ orúkọ ipò. Ẹni tí a ń pè ní 'Congressman' di ọkùnrin kí a tó rí ojú rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣẹ̀dá 'Congresswoman', tí ọ̀pọ̀ sì wá yàn láti máa lo 'Representative', èyíinì ni aṣojú. Ní ọjọ́ kejì àdúrà náà, ilé fọwọ́ sí ìlànà tuntun tí ó fi 'chair' rọ́pò 'chairman'.

Ní tiwa, alága ni alága. Aṣòfin ni ẹni tí ń ṣe òfin, aṣojú ni ẹni tí ń ṣojú ènìyàn. Iṣẹ́ ni orúkọ náà ń sọ. Nígbà tí Arábìnrin Patricia Etteh di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó darí Ilé Aṣojú-ṣòfin Nàìjíríà ní ọdún 2007, Yorùbá kò ní láti wá orúkọ mìíràn: Abẹnugan náà ni.

Síbẹ̀, bí ahọ́n wa kò tilẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀, etí wa ń yà wọ́n. Kí olùkéde sọ pé kí aṣòfin wa bọ́ síwájú, ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin ni ojú ìjọ kọ́kọ́ ń lọ. Bí obìnrin bá dìde, a ó gbọ́ tí wọ́n ń béèrè bóyá ìyàwó aṣòfin ni. Àwa kò rí i bí ohun kékeré, nítorí ẹni tí ìlú dìbò yàn ni a sọ di àlejò lórí àga ara rẹ̀.

Nítorí náà, nínú ìkéde àti ìwé ìjọ, ẹ jẹ́ kí a kọ 'Aṣòfin', kí orúkọ tẹ̀ lé e. A lè fi 'obìnrin' kún un nígbà tí ìròyìn náà bá dá lé e lórí, bí ìgbà tí ẹnìkan bá jẹ́ àkọ́kọ́ ní ipò. Nínú lẹ́tà, 'Ọlọ́lá' tó fún tọkùnrin tobìnrin wọn.