Bí aláìsàn bá ní òun fẹ́ kú

"Ó ti sú mi. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ." Bí ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti kọjá wíwò bá sọ báyìí, ohun tí ará ilé máa ń ké ni "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Àdúrà ni, àmọ́ ó ń pa aláìsàn lẹ́nu mọ́. Yóò dákẹ́, èrò náà ò sì ní kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ẹni tó gbà pé ọlọ́jọ́ ti ń bọ̀ lè máa retí ikú láìronú àtipa ara rẹ̀. Ẹlòmíràn sì ti ń ro bí yóò ṣe ṣe é. A ò lè mọ èyí tó jẹ́ àfi ká bi í: "Màámi, ṣé ẹ ń rò ó láti gbẹ̀mí ara yín ni?" Ìbéèrè yìí kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn, ara máa ń tu ọ̀pọ̀ èèyàn pé ẹnì kan tiẹ̀ béèrè. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ kó oògùn àti ohunkóhun tó lè fi ṣera rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí rẹ̀, kí ẹ sì pe dókítà lójú ẹsẹ̀.

Kí ló wá ń lé e débẹ̀? Ìrora wà lára ohun tó ń fà á. Cicely Saunders, tó dá St Christopher's Hospice sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967, kọ́ àwọn dókítà pé ìrora ẹni tó ń kú lọ kò mọ sí ara: ó wà nínú ọkàn, láàárín ẹbí, àti nínú ìgbàgbọ́. Ti ara ni kí ẹ kọ́kọ́ gbógun tì. Oògùn ìrora kan wà, mọfíìnì olómi, tí wọ́n ń mu ní wákàtí mẹ́rin mẹ́rin, ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn sì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú irú aláìsàn báyìí. Ẹbí máa ń bẹ̀rù pé mọfíìnì yóò di bárakú, tàbí pé yóò mú ikú yá. Bí dókítà bá díwọ̀n rẹ̀ bó ti yẹ, ìrora ló ń dín kù. Ẹni tí kò lè fojú kan oorun lánàá lè béèrè ẹ̀kọ gbígbóná lónìí.

Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn náà ní ìtọ́jú. Ẹ má ṣe sọ pé, "Ta ni irú èyí yóò ṣe tí kò ní banú jẹ́?"

Èyí tó le jù, lójú tèmi, ni èrò pé òun ti di ẹrù sí ẹbí lọ́rùn. Bàbá tó dùbúlẹ̀ sí yàrá ń gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀ nípa ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà láti fi tọ́jú rẹ̀. "Ẹ má da ara yín láàmú" kò ní tó o. Ẹ wọlé tọ̀ ọ́, ẹ sọ iye owó tó kù fún un, kí ẹ sì bi í pé: "Bàbá, èwo ni ká tà, èwo ni ká má fọwọ́ kàn?"